Ẹ gbébẹ̀ nígbà òjò kí ẹ tó ra oko kòkó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrònú o. Ẹ ní ẹ̀yin àti ìyàwó yín fẹ́ fi London sílẹ̀ wá máa gbé aba, pé wọ́n ti fi oko kòkó ékà mẹ́wàá hàn yín nínú fídíò, lọ́nà Ore ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àti pé ẹni tó ń tà á ní kí ẹ tètè sanwó kí ẹlòmíràn má baà gbà á mọ́ yín lọ́wọ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbé aba kòkó. Ibẹ̀ ni mo ti ń jẹ, ibẹ̀ ni mo ti tọ́ àwọn ọmọ mi. Mo fẹ́ kí ẹ wá, tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́.

Ní aba, igi lọ́tọ̀, ilẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbin kòkó níbí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Bàbá wọn ló wá láti ìlú mìíràn, ó tọrọ igbó lọ́wọ́ ẹbí tó nilẹ̀, ó gbin kòkó sí i, ó sì ń san ìṣákọ́lẹ̀, ìyẹn owó ilẹ̀, fún wọn lọ́dọọdún. Kòkó ni tiwọn, ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti ẹbí tó fún wọn. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní òun ta oko fún yín, igi ló tà. Ìṣákọ́lẹ̀ á bọ́ sí yín lọ́rùn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gé ògbólógbòó kòkó kúrò láti gbin tuntun, tàbí tí ẹ da búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ láti kọ́lé, onílẹ̀ á dé, á ní ta ló fún yín láṣẹ. Mo ti jókòó níwájú baálẹ̀ nígbà tí irú ẹjọ́ yìí ń lọ. Ẹni tó ra oko gbé ìwé jáde, ìwé náà ò sì gbà á, torí ẹni tó fọwọ́ sí i kò ní ilẹ̀ tó lè tà.

Bó bá jẹ́ pé ẹbí tó nilẹ̀ gan-an ló ń tà, olórí ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí àwọn àgbà ojúlé kọ̀ọ̀kan náà sì fọwọ́ sí i. Ilé ẹjọ́ ti yanjú èyí tipẹ́: bí ọmọ ẹbí kan bá dá ilẹ̀ ẹbí tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, kò tà á rárá, bí olórí ẹbí bá sì tà á láìjẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí mọ̀ sí i, wọ́n lè lọ sí kóòtù kí wọ́n fagi lé e. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 náà ṣì wà níbẹ̀, tó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, tó sì fún ìjọba ìbílẹ̀ láṣẹ lórí ilẹ̀ oko. Ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ lẹ ń rà.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù fún yín ni igbó ọba, ìyẹn igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀. Lágbègbè Ọ̀dìgbó, níbi tí Ore wà, igbó ọba Olúwa gbòòrò gan-an. Lápá ìpínlẹ̀ Ògùn, igbó ọba Omo wà, tí ibi tí wọ́n ń pè ní J4 wà nínú rẹ̀, tí erin ṣì ń rìn níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ aba ló wà nínú irú igbó bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní mọ́sálásí, àlejò ò lè fojú mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹbí tó lè ta ilẹ̀ ibẹ̀ fún yín. Kòkó á so, ẹ ó máa ká a, títí ọjọ́ tí ìjọba bá ní kí gbogbo yín kó jáde. Nítorí náà, ẹ wá sọ̀fíyọ̀ tiyín, kó má jẹ́ ti ẹni tó ń tà. Kó lọ wọn igun ilẹ̀ náà, kó sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì sọ̀fíyọ̀ àgbà ìpínlẹ̀ ní Àkúrẹ́, kí wọ́n wò ó bóyá ó bọ́ sínú igbó ọba tàbí ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà. Àwọn tó ń kó kòkó lọ sí Yúróòpù náà ti ń béèrè ibi tó ti wá, torí òfin tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún ní 2023, pé kòkó tó bá jáde láti ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn òpin 2020 kò gbọ́dọ̀ wọlé.

Bí ilẹ̀ inú fídíò yẹn bá gbẹ tó ń tú eruku, ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n yà á. Ẹ wá ní oṣù kẹfà tàbí oṣù kẹsàn-án. Mọ́tò á já yín sílẹ̀ ní ojú títì, ọ̀kadà ló máa gbé yín wọlé, àwọn ibì kan á wà tí ẹ ó sọ̀kalẹ̀ fẹsẹ̀ rìn nínú ẹrẹ̀. Ẹ má ṣètò pé ẹ máa lọ kí ẹ sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà, ẹ má sì rìn lálẹ́ nítorí àwọn ajínigbé. Ẹ fi ọ̀kadà yẹn dé ilé ìwòsàn tó sún mọ́ jù, kí ẹ bá nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ara ẹni tó ti pẹ́ lókè òkun kì í lè kojú ibà bíi tàwa tó wà nílé, ẹ máa sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Ẹ wọ bàtà òjò wọnú oko, paramọ́lẹ̀ máa ń sùn sábẹ́ ewé kòkó.

Òjò yìí kan náà ló ń mú àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú lórí igi. Oògùn tó ní bàbà nínú la fi ń fín in, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra, kí ẹ sì máa já èyí tó ti rà kúrò. Ẹni tó bá fi oko sílẹ̀ fún lébìrà, tó wá jókòó sí London, òjò á kó tirẹ̀ nínú rẹ̀. Oko tí wọn ò tọ́jú dáadáa kì í sábà ju 300 sí 400 kìlógíráàmù lọ lórí hẹ́kítà kan. Ékà mẹ́wàá tiyín jẹ́ nǹkan bíi hẹ́kítà mẹ́rin, ìyẹn àpò 19 sí 25, tí àpò kan bá jẹ́ 64 kìlógíráàmù. Ẹ yọ owó lébìrà ọlọ́dún, oògùn, àti ọ̀kadà tó ń kó àpò jáde kúrò nínú rẹ̀.

Owó tí ẹni yẹn ń pè fún yín, mo fura pé owó 2024 ni, nígbà tí kòkó kọjá 12,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé. Kí 2025 tó parí, ó ti já wá sí nǹkan bí ìdajì. Láti 1986 tí ìjọba ti fagi lé Marketing Board, àjọ ìjọba tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, kò sí ẹni tó ń dá owó kòkó dúró fún àgbẹ̀ ní Nàìjíríà mọ́. Ẹ fi owó tó lọ sílẹ̀ ṣe ìṣirò yín, kí ẹ sì má gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ra kòkó, torí àwọn ló máa sọ iye tí wọ́n á kà á sí nígbà tí ẹ bá kó o dé.

Ohun tí èmi máa ṣe ni pé màá háyà yàrá méjì, màá sì gba oko tó ti ń so lọ́wọ́ ẹnìkan fún ọdún kan. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀, kí ẹ bá wọn jáde lọ́jọ́ tí aba bá ń tún ọ̀nà ṣe. Ẹ bo kòkó mọ́ abẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà, kí ẹ máa yí i, kí ẹ sá a fúnra yín. Kí ìyàwó yín náà gbé ibẹ̀ títí òjò fi máa dá, kó tó sọ tẹnu rẹ̀. Mo ti rí ilé púpọ̀ tó jẹ́ pé bàbá nìkan ló fẹ́ aba, ìyá ò sì dúró.

Tí ẹni tó ń ta oko yìí ò bá lè dúró, ẹ jẹ́ kó tà á fún ẹlòmíràn. Oko kòkó ń jáde fún títà lọ́dọọdún, pàápàá ní oṣù kẹsàn-án, tí owó iléèwé àwọn ọmọ bá dé, tí kòkó kò sì tíì délé.