Ẹ̀rù tó ń bà ẹ́ kó o tó dá gun kẹ̀kẹ́ lọ Ifẹ̀

Àbúrò, o ní kẹ̀kẹ́ ológeere lo fẹ́ gùn láti Àkúrẹ́ gba Oǹdó lọ Ilé-Ifẹ̀, ìwọ nìkan, àkọ́kọ́ ẹ sì nìyẹn, oorun ò kùn ẹ́ mọ́ látìgbà tó o ti ń palẹ̀ mọ́, o wá ń bèèrè báwa tá a ti ń lọ ṣe borí ẹ̀rù. Èmi ò borí nǹkan kan o. Ẹ̀rù ṣì máa ń bà mí lálẹ́ ọjọ́ tí ilẹ̀ bá máa mọ́ tí màá jáde, inú mi á máa ru, màá dìde yẹ bíréèkì tí mo ti yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀. Ohun tó kàn yàtọ̀ ni pé mo ti mọ bí mo ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ̀rù kan wà tó níṣẹ́ tó fẹ́ kó o ṣe, òmíràn ń pariwo lásán ni.

Ẹ̀rù pé táyà á jò nínú igbó, ìyẹn níṣẹ́ nínú. Gbé kẹ̀kẹ́ ẹ lọ sẹ́yìnkùlé, táyà ẹ̀yìn ni kó o tú o, torí òun ló ní wàhálà ṣéènì. Yọ túùbù, fẹ́ ẹ, rì í sínú bàsíà omi kó o rí ibi tó ti ń hó, nù ún gbẹ, fi sáńpépà ha ibẹ̀, fi sólúṣọ̀n pa á, kó o wá ní sùúrù kó gbẹ díẹ̀ kó o tó lẹ páàṣì mọ́ ọn, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kánjú nìyẹn, tí á sì ṣí padà lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, kó o tó dá túùbù padà, fi ọwọ́ ra inú táyà náà yíká jẹ́jẹ́. Ó ní wáyà tín-ín-rín kan tó máa ń já kúrò lára táyà tírélà tó bẹ́ sójú títì, ó lè fara pamọ́ sínú rọ́bà débi pé ojú ò ní rí i, ìka ló máa mọ̀ ọ́n, tó ò bá sì yọ ọ́, túùbù tuntun tó o wọ̀ sí i náà á jò. Ṣe é títí tọ́wọ́ ẹ á fi mọ̀ ọ́n. Wàá rí i pé ẹ̀rù yẹn ò ní jí ẹ lóru mọ́.

Ti ajínigbé ńkọ́? Ìyẹn ò ṣe é fi ṣeré, má sì jẹ́ kẹ́ni tó jókòó sí Èkó dá ẹ lóhùn lórí ẹ̀, kódà èmi náà. Lọ sí gáréèjì, bá àwọn dírẹ́bà tó ń ná ọ̀nà Oǹdó lójoojúmọ́ sọ̀rọ̀, tí wọ́n bá ní kó o fi ọ̀sẹ̀ yìí sílẹ̀, fi sílẹ̀, kì í ṣe ojo. Tó o bá sì bá ọlọ́pàá tàbí Àmọ̀tẹ́kùn lójú ọ̀nà, sọ̀ kalẹ̀, kí wọn, sọ ibi tó ò ń lọ kí wọ́n tó bi ẹ́.

Tó o bá ti parí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àwọn dírẹ́bà ní gáréèjì, kọ́kọ́ wọkọ̀ lọ Oǹdó kó o lè fojú rí ọ̀nà, sanwó iwájú. Má tẹ fóònù o. Máa wo ibi tí òkè wà, ibi tí etí títì ti jẹrà, ibi tí fọkanáísà àti ṣọ́ọ̀bù wà. Kò ju bíi kìlómítà 50 lọ, lọ́jọ́ tó o bá wá gun kẹ̀kẹ́, tó o bá ń rìn bíi kìlómítà 15 ní wákàtí kan pẹ̀lú ẹrù, tó o kúrò nílé nígbà tílẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, wàá ti débẹ̀ kí oòrùn tó le gan-an. Ọ̀nà yẹn há ṣá. Tí ọkọ̀ bá ń fọn fèrè lẹ́yìn tí òmíràn sì ń bọ̀ níwájú, bọ́ sí etí títì, jẹ́ kí wọ́n kọjá. Fi íápíìsì sílé jọ̀ọ́.

Ẹ̀rù pé ìwọ nìkan lo máa wà, ariwo lásán nìyẹn. Ta ló fẹ́ jẹ́ kó o dá wà nílẹ̀ Yorùbá? Dúró ra bọ̀ọ̀lì ní Ọ̀wẹnà, wọ́n á bi ẹ́ bóyá ọkọ̀ ẹ ló bàjẹ́, ìyá kan á ní kó o jókòó, òmíràn á máa bú àwọn tó bí ẹ. Máa kí gbogbo ẹni tó o bá bá lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú oko o. Yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́ ilé, ẹni tó o kí ti rí ẹ, ó sì mọ ibi tó o kọjú sí. Mo pàdé bàbá àgbẹ̀ kan rí, kẹ̀kẹ́ tiẹ̀ ti gbó, àdá wà lẹ́yìn ẹ̀, ó bá mi gùn ún dé ẹnu oko ẹ̀, ọ̀rọ̀ kòkó tó ń sá ló ń sọ, kò tiẹ̀ bi mí nídìí tí mo fi ń gun kẹ̀kẹ́.

“Tí mi ò bá lè parí ẹ̀ ńkọ́, kí làwọn èèyàn máa sọ?” Ariwo nìyẹn náà. Ọkọ̀ wà, wàá dúnàádúrà owó ẹrù, wọ́n á so kẹ̀kẹ́ mọ́ bùútù, ó parí.

Sun Oǹdó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, má gbìyànjú láti dé Ifẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀nà Ifẹ̀ yẹn, àwọn dírẹ́bà Oǹdó ni kó o bi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó o bá débẹ̀, torí àwọn ló wá ti ibẹ̀ dé lọ́jọ́ náà, àwọn ti Àkúrẹ́ ò ní mọ̀ ọ́n tó wọn.