Ṣé báńkì owó àti bèbè odò bára tan?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ń túmọ̀ ìròyìn sí Yorùbá ní ilé-iṣẹ́ rédíò kan. Mo kọ "Báńkì Ìwọ̀-Oòrùn" fún "West Bank", ọ̀gá mi sì fagi lé e. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó tọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà. Ọ̀gá yín jàre. "Bank" tó wà nínú orúkọ yẹn, bèbè odò ni. Ilẹ̀ tó wà lápá ìwọ̀-oòrùn Odò Jọ́dánì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní "Bèbè Ìwọ̀-Oòrùn Odò Jọ́dánì", yóò yé ẹni tó ń gbọ́ yín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Síbẹ̀, ọmọ ìyá ni ọ̀rọ̀ méjèèjì. Orírun kan náà ni wọ́n ní nínú èdè àwọn ẹ̀yà Jámánì àtijọ́: ohun tó ga díẹ̀ nílẹ̀. Bó bá jẹ́ erùpẹ̀ etí omi, bèbè ni. Bó bá jẹ́ pákó tí èèyàn ń jókòó lé, bẹ́ǹṣì ni. Àwọn ará Ítálì yá ti bẹ́ǹṣì, wọ́n ń pè é ní "banca".

Ibẹ̀ ni owó ti wọ̀ ọ́. Nílùú bíi Florence àti Genoa, àwọn tó ń ṣẹ́ owó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì nígboro, tábìlì níwájú wọn, owó ẹyọ ìlú lóríṣiríṣi lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ti gba Sèmè kọjá rí, tó bá àwọn tó ń fi náírà ṣẹ́ séfà pàdé, ti rí irú rẹ̀. Nígbà tó yá, orúkọ àga di orúkọ òwò. Ilẹ̀ Faransé ló gbà dé inú Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n dá Bank of England sílẹ̀ lọ́dún 1694, ó ti mọ́ wọn lẹ́nu. "Bankrupt" pàápàá, "banca rotta" ni, bẹ́ǹṣì tó fọ́. Àwa ní tiwa á ní òwò onítọ̀hún ti dẹnu kọlẹ̀. Àwọn Gíríìkì náà rìn lọ́nà yẹn: "trapeza" tí Mátíù lò fún tábìlì àwọn onípàṣípààrọ̀ owó tí Jésù dojú rẹ̀ dé nínú tẹ́ńpìlì ni wọ́n ń pe báńkì lónìí.

Níbi iṣẹ́ yín, ọ̀rọ̀ tó yí i ká ni kí ẹ máa wò. Bó bá jẹ́ owó, àkáǹtì tàbí èlé, "báńkì" tàbí "ilé ìfowópamọ́" ni. "Blood bank" jẹ́ ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ pamọ́ sí. "To bank on" ẹnì kan, kí a gbẹ́kẹ̀ lé e ni.

Èyí tó máa ń mú atúmọ̀ jù lásìkò òjò ni "the river burst its banks". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ pé odò fọ́ bèbè rẹ̀. Àwọn tí Ògùnpa ṣe lọ́ṣẹ́ n'Ìbàdàn lọ́dún 1980 kò sọ bẹ́ẹ̀. "Omíyalé" ni wọ́n pè é.