Ṣé ìdìbò abẹ́lé Iowa àti New Hampshire ṣojú gbogbo olùdìbò Amẹ́ríkà?

Rárá, pàápàá nínú ẹgbẹ́ Democrat. Láti 1972 títí di 2020, Iowa ni ó ń ṣáájú nínú ìdìbò tí ẹgbẹ́ fi ń yan olùdíje fún ipò ààrẹ, tí New Hampshire sì ń tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ aláwọ̀ funfun ni ó pọ̀ jù ní ìpínlẹ̀ méjèèjì. Ní 2020, Joe Biden ṣe ipò kẹrin ní Iowa àti ìkarùn-ún ní New Hampshire. Ìgbà tí ó dé South Carolina, níbi tí adúláwọ̀ ti ju ìdajì àwọn olùdìbò ẹgbẹ́ náà lọ, ni ó tó kọ́kọ́ borí.

Ọ̀rọ̀ àǹfààní láti dìbò ni ó ká mi lára jù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí yóò kópa ní Iowa gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ jókòó sí ìpàdé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, èyí tí ó ti aláìsàn, ìyá ọlọ́mọ kékeré àti òṣìṣẹ́ alẹ́ sẹ́yìn, kò sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 2024, ẹgbẹ́ náà fi South Carolina ṣáájú, àwọn ará Iowa sì fi ìbò wọn ránṣẹ́ nípasẹ̀ ìfìwéránṣẹ́; ṣùgbọ́n New Hampshire, tí òfin rẹ̀ sọ pé ìdìbò abẹ́lé tirẹ̀, tí kì í ṣe ìpàdé bíi ti Iowa, ni kí ó ṣáájú gbogbo irú rẹ̀, kò dúró de ẹnikẹ́ni.