Ṣọ́ọ̀bù bàbá yín ní Ìtòkú lè di ilé àdìrẹ láìná owó rẹpẹtẹ

Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ṣọ́ọ̀bù tí bàbá yín fi sílẹ̀ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ti wà ní títì pa látìgbà tí wọ́n ti jáde láyé. Ẹ fẹ́ kí àbúrò yín obìnrin máa ṣe àdìrẹ níbẹ̀, ẹ̀yin wà ní Lọ́ńdọ̀nù, owó ọwọ́ yín ò sì pọ̀. Ó ṣeé ṣe.

Kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, ẹ yanjú ọ̀rọ̀ ẹbí ná. Bí bàbá ò bá kọ ìwé ìhágún, gbogbo ọmọ ló ni ṣọ́ọ̀bù yẹn nípa àṣà Yorùbá. Bí wọ́n bá fẹ́ ju ìyàwó kan lọ, ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, ló lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ẹ pe ìpàdé lórí fóònù, kí olórí ẹbí àti aṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé tó sọ iye ọdún tí àbúrò yín máa lò ó, àti ẹni tó máa ni ohun tí ẹ bá kọ́ mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù bá ń dán tán ni àwọn tí kò bèèrè rẹ̀ rí máa ń rántí pé ogún bàbá àwọn ni. Bí ẹnì kan bá máa ṣojú yín, kí lọ́yà kọ power of attorney, ìyẹn ìwé àṣẹ ìṣojú, kí ẹ fọwọ́ sí i níwájú notary public, ẹni tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé, lọ́hùn-ún. Ẹ má fi àṣẹ títà sínú rẹ̀.

Owó tí ẹ ní, ètò omi ni kí ẹ kọ́kọ́ ná an lé. Aládìrẹ á fọ aṣọ, á pò aró, á fi omi gbígbóná yọ abẹ́là tó fi ṣe ọnà sáṣọ, á tún ṣan aṣọ. Ẹ gbẹ́ sókàwéè, kòtò tí omi ìdọ̀tí á máa wọ̀, sẹ́yìn ilé, kó jìnnà sí kànga ẹnikẹ́ni. Ẹ má tẹ́ táìlì sílẹ̀, ó ń yọ̀ bí omi bá dà sí i. Sìmẹ́ǹtì tó rọra rẹlẹ̀ sí ọ̀nà ẹ̀yìn ti tó. Ẹ má tíì kun ọ̀dà, aró á ta sára ògiri bópẹ́ bóyá.

Ààrò àti ìkòkò aró, abẹ́ páànù ní àgbàlá ni kí wọ́n wà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Kọ́sítíìkì, sódà líle tí wọ́n ń pò mọ́ aró, ò ṣeé fi ṣeré: inú omi ni wọ́n ń da òun sí díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ibọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹni tó bá da omi lé e lórí, ó lè hó kó sì ta síni lójú. Ẹ fi àyè okùn sílẹ̀ pẹ̀lú: aṣọ tó bá jáde nínú aró ẹ̀lú máa ń rí bí ewé, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù.

Káńtà bàbá, ẹ má tà á. Bí igi rẹ̀ bá ṣì le, kí kápẹ́ńtà tẹ́ fóòmù lé e, kó fi àpò bò ó, kó kàn án mọ́lẹ̀. Tábìlì tí wọ́n á ti máa tẹ abẹ́là sáṣọ nìyẹn. Pẹpẹ òkè á gba aṣọ tó ti gbẹ.

Kí àbúrò yín ya fídíò òrùlé nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Nínú ọyẹ́, kò sí páànù tó ń jò. Kó máa fúnra rẹ̀ ra sìmẹ́ǹtì, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ bíríkìlà bó bá ṣe ń parí apá kọ̀ọ̀kan. Orúkọ iṣẹ́, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iṣẹ́ sílẹ̀. Business name ti tó fún un báyìí.

Ṣé kànga wà nínú àgbàlá yẹn? Bí kò bá sí, ẹ kọ̀wé sí wa kí ẹ tó ra tánkì, kí ẹ sọ bí òrùlé ṣe gùn tó, ká lè bá yín wo bí omi òjò ṣe lè wọ inú rẹ̀.