Bí kòkòrò inú ilẹ̀ bá lè pa jẹjẹrẹ, ṣé kí ẹ̀gbọ́n mi máa mu omi ilẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin apòògùn wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọyàn ní Àkúrẹ́ níbí. Ó ti gba oògùn pupa tó dà bíi zóbò yẹn lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́rin. Irun rẹ̀ ti re, ẹnu rẹ̀ ń bó. Ọkùnrin kan tó ń tajà nítòsí Ọjà Ọba ní kòkòrò inú ilẹ̀ ni àwọn òyìnbó fi ṣe oògùn náà, pé òun ní omi ilẹ̀ kíkan tó ní kòkòrò kan náà, ₦8,000 ìgò kan, irun kò sì ní re. Ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́ gbà á gbọ́. Ṣé irọ́ ló ń pa?

Ìdáhùn: Kó má mu ún, kó má sì pa ọjọ́ ilé ìwòsàn rẹ̀ jẹ. Ẹ sọ ìyẹn fún un kí ẹ tó ka ìyókù. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ pé irọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà. Òótọ́ díẹ̀ tó bù mọ́ ọn ló ń mú ọjà rẹ̀ tà.

Inú ilẹ̀ ni oògùn pupa yẹn ti wá lóòótọ́. Doxorubicin ni orúkọ rẹ̀. Láàárín ọdún 1950 sí 1959, àwọn olùwádìí ará Ítálì bu erùpẹ̀ nítòsí ilé olódi àtijọ́ kan, Castel del Monte, wọ́n sì rí bakitéríà kan nínú rẹ̀ tó ń tú àwọ̀ pupa jáde. Streptomyces peucetius ni wọ́n sọ ọ́. Daunorubicin ni wọ́n kọ́kọ́ rí lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yí àbùdá kòkòrò náà padà díẹ̀, doxorubicin jáde. Ẹ mọ òórùn ilẹ̀ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá kan erùpẹ̀ gbígbẹ? Àwọn ẹbí Streptomyces wà lára àwọn tó ń ṣe é. Wọ́n wà nínú oko kòkó Ìdànrè, wọ́n wà lẹ́yìn ilé yín. Dactinomycin, tí wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ kíndìnrín àwọn ọmọdé, ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá, láti ọdún 1940. Bleomycin náà, ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn ará Jàpáànì ti rí i.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ohun ìjà ni irú nǹkan báyìí jẹ́ fún kòkòrò náà, tó fi ń lé àwọn aládùúgbò rẹ̀ nínú erùpẹ̀. Májèlé ni, kí a sọ ọ́ bó ṣe rí. Sẹ́ẹ̀lì ni àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara wa. DNA inú rẹ̀, tó ń gbé àbùdá wa, dà bí okùn méjì tí a lọ́ pọ̀. Sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ tú u kó tó lè pín sí méjì. Doxorubicin a ki ara rẹ̀ bọ àárín okùn náà, kò ní jẹ́ kí ohun tó ń tú u parí iṣẹ́ rẹ̀, okùn a já, sẹ́ẹ̀lì a kú. Sẹ́ẹ̀lì tó ń yára pín ló ń jìyà jù: ti jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ti gbòǹgbò irun, ti inú ẹnu àti ti mùdùnmúdùn eegun pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí irun fi re. Yóò hù padà lẹ́yìn ìtọ́jú.

Ẹ wá wo ohun tí oníṣòwò yìí sọ. Bí doxorubicin bá wà nínú ìgò rẹ̀ tó sì ń ṣiṣẹ́, irun yóò re! Ìlérí pé irun kò ní re gan-an ló tú àṣírí rẹ̀. Oògùn yìí kò sì wúlò ní mímu. Inú iṣan ni wọ́n ń fà á sí, bó bá sì jò síta, ó ń jó ẹran ara. Gíga àti ìwúwo ẹ̀gbọ́n yín ni wọ́n fi ṣírò iye tó ń gbà. Iye tí ènìyàn lè gbà láyé rẹ̀ pàápàá ní òdiwọ̀n, nítorí pé ó lè ba ọkàn jẹ́. Ta ló wọn ti inú ìgò?

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni kòkòrò tó wà láàyè nínú omi yẹn. Láàárín ọjọ́ kẹwàá sí ìkẹrìnlá lẹ́yìn oògùn, sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń jagun fún ara a máa lọ sílẹ̀ gan-an. Ohun tí èmi àti ẹ̀yin lè mu kó má ṣe wá ní nǹkan lè gbé e dé bèbè ikú. Torí náà, kó yẹra fún omi ogi tútù pẹ̀lú. Ẹ̀kọ mímu gbígbóná tó jinná dáadáa kò burú. Ẹ ra tẹmómítà. Bí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38°C, ilé ìwòsàn ni, ì báà jẹ́ òru. Ẹ má dúró se àgbo.

Ti ẹnu tó ń bó: kó máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ oníyọ̀ díẹ̀ yọ ẹnu, kó dín ata kù, kó sì sọ fún dókítà, torí oògùn wà fún un. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá pupa fún ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn ìtọ́jú, àwọ̀ oògùn ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀.

Bó bá ti tọ́ omi náà wò, ẹ má bá a jà. Ẹ gbé ìgò náà dání lọ bá dókítà rẹ̀ lọ́la.