Ìkẹwàá kọ̀, kò wọlé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Solitaire, géèmù káàdì téèyàn máa ń dá ta, ni mo máa ń ta lórí fóònù mi, irú èyí tí wọ́n ń fúnni ní àpò àwòrán téèyàn bá ti borí. Àwòrán mẹ́wàá ló wà lójú ewé kan. Ọjọ́ méjì péré ni mo fi kó mẹ́sàn-án jọ. Láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni mo ti ń wá ìkẹwàá, èyí tí mo ti ní ni wọ́n ń gbé fún mi ṣáá. Ṣé wọn ò máa rẹ́ mi jẹ báyìí? Ẹ̀ẹ̀kejì: ṣé òótọ́ ni pé àwọn káàdì kan wà tí kò sí bí a ṣe lè tò ó tí a máa borí?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Kí á tó pe ẹnikẹ́ni ní olè, jẹ́ ká ṣírò ná. Ká ní kò sí èyí tó ṣọ̀wọ́n ju ìkejì rẹ̀ lọ nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, tó sì jẹ́ pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń jáde. Èyí tó o bá kọ́kọ́ ṣí, tuntun ni dandan. Márùn-ún àkọ́kọ́ kì í sábà gbà ju nǹkan bí 6 tàbí 7 lọ. Àmọ́ kí gbogbo rẹ̀ tó pé, wàá ti ṣí nǹkan bí 29, èyí tó kẹ́yìn nìkan á sì jẹ bíi 10 nínú ẹ̀. Géèmù náà ò sì mọ̀ pé o ti ń dúró. Bó o ti ṣí ogún lásán, ìkọkànlélógún ṣì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Ìyẹn tí wọn ò bá dọ́gbọ́n kankan sí i o! Ọ̀pọ̀ géèmù ló ń mú kí ẹyọ kan ṣọ̀wọ́n ju àwọn tó kù lọ. Tó bá jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, máa retí bí ọgọ́rùn-ún. Láti ìparí ọdún 2017 ni Apple ti sọ ọ́ di dandan pé géèmù tó bá wà ní ìsọ̀ áàpù wọn, tó sì ń ta àpótí tí a ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìdá yìí han ẹni tó fẹ́ rà á kó tó sanwó. Wá a kó o kà á. Lẹ́tà kékeré ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ́.

Èmi náà ti kó sí i rí. Àwòrán ọkọ̀ ojú omi kan ló kù fún mi. Lóru ọjọ́ kan, ojú mi ti pọ́n, mo ra àpò márùn-ún. Labalábá ló ń jáde, labalábá tí mo ti ní méje! Ọjọ́ kẹrin ni àkókò ìkójọ náà parí, wọ́n pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, wọ́n ṣí ìwé tuntun tó ṣófo fún mi. Nítorí náà, wo ọjọ́ tí tìrẹ máa parí kó o tó ṣe ohunkóhun. Tí wọ́n bá gbà ká ṣe pàṣípààrọ̀, wá ẹni tó ní ìkẹwàá lọ́wọ́. Àpò rírà ni kó o fi sílẹ̀.

Ní ti ìbéèrè kejì, òótọ́ ni. Nínú Klondike, ìyẹn irú Solitaire kan, káàdì 52 ni: 28 máa wà lórí ìlà méje, 21 nínú wọn á dojú bolẹ̀, 24 á kù sápá kan. Kódà ká ní ojú rẹ ń rí gbogbo káàdì, bíi 82 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣeé borí. FreeCell, irú Solitaire mìíràn, sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: nínú ìtò káàdì 32,000 tí Microsoft kọ́kọ́ fi nọ́ńbà sí, ẹyọ kan ṣoṣo ni kò ṣeé yanjú, nọ́ńbà 11982.

Àmọ́ Solitaire tó ní ìpele-ìpele yàtọ̀. Ẹni tó ṣe é ló pinnu iye káàdì tó máa wà lọ́wọ́ rẹ. Tó bá wá ku káàdì kan péré lórí tábìlì, tí wọ́n ní kó o sanwó gba márùn-ún sí i, má rò pé àṣìṣe tìrẹ ni.

Tí ìkẹwàá bá wọlé, kọ̀wé sí mi. Mo fẹ́ mọ àwòrán ohun tó jẹ́.