Èsì: xdg-open ń fi GIMP ṣí fáìlì PDF

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ sọ pé xdg-open, àṣẹ Linux tó ń ṣí fáìlì, ń fi GIMP (ètò àtúnṣe àwòrán) ṣí PDF yín. Àṣẹ kan ṣoṣo yìí, tí ẹ ó tẹ̀ sínú tẹ́míná, ni yóò mú kí ó máa fi Evince (ètò tí a fi ń ka PDF) ṣí wọn dípò GIMP:

xdg-mime default org.gnome.Evince.desktop application/pdf

Yóò ṣiṣẹ́ bí fáìlì org.gnome.Evince.desktop (èyí tó ń júwe Evince fún kọ̀ǹpútà) bá wà nínú /usr/share/applications tàbí ~/.local/share/applications, bí orúkọ rẹ̀ bá yàtọ̀ lórí kọ̀ǹpútà yín, èyí tí ẹ bá bá níbẹ̀ gan-an ni kí ẹ kọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi sudo (àṣẹ tó ń fúnni ní agbára alábòójútó) ṣáájú rẹ̀, nítorí pé inú ~/.config/mimeapps.list (fáìlì tó ń tọ́jú ètò tí a yàn fún irú fáìlì kọ̀ọ̀kan) ti ẹni tó pa àṣẹ ni ó ń kọ ọ́ sí, ó sì lè jẹ́ ti root (alábòójútó kọ̀ǹpútà) ni ẹ ó yí padà, tí tiyín yóò sì wà bó ṣe wà.

Bí GIMP bá ṣì ń yọjú:

1. Ẹ tẹ xdg-mime query default application/pdf, kí ẹ lè rí i bóyá Evince ni ó dárúkọ.
2. Ẹ tẹ xdg-mime query filetype, kí ẹ sì kọ orúkọ fáìlì náà tẹ̀ lé e. Bí ìdáhùn bá jẹ́ image/png tàbí irú mìíràn, a jẹ́ pé kọ̀ǹpútà kò kà á sí PDF rárá, fáìlì yẹn fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò.